Ìtàkùn Tí Àna Fún Onígbàjámọ̀

Ohun kan ṣoṣo ló ń ba onígbàjámọ̀ yìí lẹ́rù láyé, ìyá ìyàwó rẹ̀ ni. Kì í ṣe pé obìnrin náà burú. Kò bú u rí, kò sì fajú ro sí i ju bó ṣe ń fajú ro sí gbogbo aráyé lọ. Ọ̀rọ̀ túbọ̀mu ló wà láàárín wọn.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́ta, onígbàjámọ̀ fẹ́ kí àwọn àna òun mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, ló bá ní òun máa bá bàbá ìyàwó gé irun lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá yìí ní túbọ̀mu tó ti ń tọ́jú láti ọgbọ̀n ọdún, tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì ká sókè bí ìwo màlúù. Irun orí nìkan ni wọ́n ní kó gé. Ó gé e tán, ó dùn ún wò, ló bá ní kóun kàn fi abẹ kan etí túbọ̀mu náà díẹ̀. Bó ṣe gbé abẹ sókè ló sín. Ìdajì túbọ̀mu ti wà nílẹ̀ kó tó nu imú. Ó gé ẹ̀gbẹ́ kejì kó lè dọ́gba, kò dọ́gba. Ó padà sí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́, ìyẹn náà wá kéré jù. Nígbà tó fi máa gbé abẹ kalẹ̀, òkè ètè bàbá ti mọ́ roro bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bàbá wo dígí, ó béèrè pé, "Ta lẹ gbé wá síbí yìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì tán lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ìyá ìyàwó ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo irun tó wà nílẹ̀, ó wo onígbàjámọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ọwọ́ rẹ yá."

Ọdún mọ́kànlá rèé, onígbàjámọ̀ ò tíì mọ̀ bóyá èébú ni tàbí ìyìn.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Màmá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú agolo mílíìkì kan lọ́wọ́, tí ìtàkùn kékeré kan yọ ewé mẹ́ta nínú agolo ọ̀hún, tó nà án sí i tó ní, "Gbà, tìẹ ni. Gbìn ín síbi tó bá wù ọ́," ẹsẹ̀ onígbàjámọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kanlẹ̀. Látìgbà tó ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ rèé tí Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un.

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ó wo agolo, ó wo ìyá rẹ̀.

"Màmá, kí nìyí?"

"Òdòdó ni."

"Irú òdòdó wo?"

"Irú èyí tó ń hù."

Màmá mu omi, ó ní ilé ti yá, ó sì lọ.

Yàrá iwájú ilé, èyí tó kọjú sí títì, ni ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀: àga méjì tó ń yí, dígí gígùn kan, bẹ́ǹṣì fún àwọn tó ń dúró de àyè, àti rédíò kan tó jẹ́ pé àfi téèyàn bá gbá a létí kó tó sọ̀rọ̀. Abẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù náà ló gbin ìtàkùn Màmá sí, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lè rí i pé àna òun fẹ́ràn òun. Ó ń bomi rin ín láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Tí oòrùn bá mú, ó máa ń fi agboòrùn ìyàwó rẹ̀ ṣíji bò ó.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn, àmọ́ ìtàkùn yìí ò gbọ́ òwe yẹn rí. Lọ́sẹ̀ kejì ó ti dé ojú fèrèsé. Nígbà tó fi pé oṣù méjì, ó ti gun òrùlé, ó ti yọ òdòdó àlùkò kéékèèké, ó sì ń nawọ́ sí wáyà iná. Oníbàárà kan sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó jí, ìtàkùn ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó ti fi ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín kọ́ ọ létí. Oníbàárà náà jókòó jẹ́ẹ́, ó rò pé ara iṣẹ́ ni. Pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n kọ "IRUN ORÍ LA Ń GÉ" sí, ìtàkùn bo "IRUN" mọ́lẹ̀, ó wá ku "ORÍ LA Ń GÉ." Àlejò kan tó fẹ́ wọlé kà á, ó tún un kà, ó sì rántí pé òun ní ibòmíì tóun ń lọ.

Adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń gbé ilé kejì. Ó ti kúrò ní kóòtù láti ọdún méje, àmọ́ kóòtù ò tíì kúrò lára rẹ̀. Ó lọ kí ọmọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó dé, kò rí mọ́tò rẹ̀. Ó ti mú ọ̀nà ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá pọ̀n kó tó rí dígí ẹ̀gbẹ́ kan tó yọjú láàárín ewé.

"Onígbàjámọ̀," ó ní, "ohun ọ̀gbìn rẹ ti gba ọkọ̀ mi láìgbàṣẹ."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Àna mi ló fún mi."

Adájọ́ rò ó díẹ̀. "Ìyẹn ò yí ẹ̀sùn padà," ó ní. "Àmọ́ ó dín ìjìyà kù."

Onígbàjámọ̀ ò bẹ̀rù. Ohun tó bá ti ń hù, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gé e. Gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè tí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní títì, ó máa mú àlùmọ́gàjí, á gé ìtàkùn náà létí létí, á sún sẹ́yìn, á wò ó bóyá ó dọ́gba. Á kó èyí tó gé kúrò sínú bàsíà, á gba ẹ̀yìnkùlé, á dà á sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sódò. Bó ṣe ń gé e tó ló ń yára hù sí. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ nirun náà ṣe ń ṣe, pé àmì ìlera ni.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni Màmá máa ń wá. Kó tó wọlé, kó tó dáhùn ìkíni ẹnikẹ́ni, iwájú ìtàkùn ló máa kọ́kọ́ lọ dúró sí. Á fi ọwọ́ lé ìbàdí, á wò ó títí, á mí kanlẹ̀.

"Ó ṣì wà," á ní.

"Ó wà o, Màmá. Ara rẹ̀ le."

"Mo rí i."

Ojú Màmá á wá gùn bí ojú ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ lọ. Tó bá lọ tán, onígbàjámọ̀ á yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé o rí bí inú Màmá ṣe dùn?"

"Èmi ò rí i."

"Inú àwọn àgbà kì í dùn síta. Inú lọ́hùn-ún ló ń dùn sí."

Ní Tọ́sìdeé kan, ó ń fá irùngbọ̀n Adájọ́ lọ́wọ́, obìnrin kan wọ bàtà rọ́bà tó gùn dé orúnkún wọlé. Ewé wà nínú irun rẹ̀, ẹrẹ̀ wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó sì fi ìka mẹ́ta di ẹnu ìtàkùn kan mú, bí ẹni tó mú olè létí. Ó ní ọ́fíìsì tó ń mójú tó igi àti odò ìlú lòun ti wá. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ọ̀gá Ewéko.

"Ẹ káàárọ̀," ó ní. "Ta ló ni ìtàkùn tó wà lára ògiri yìí?"

"Èmi ni," onígbàjámọ̀ dáhùn, ó na àyà. "Àna mi ló fún mi."

"Mo ti ń tẹ̀lé e bọ̀ láti ìsàlẹ̀ odò. Irínwó ìṣísẹ̀."

Adájọ́ là ẹnu láàárín ọṣẹ. "Má dá a lóhùn," ó ní. "Tàbí kí o jẹ́wọ́. Mú ọ̀kan."

Onígbàjámọ̀ fi Adájọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdajì irùngbọ̀n, ó tẹ̀lé obìnrin náà gba ẹ̀yìnkùlé. Ó ti pẹ́ tó ti sọ̀ kalẹ̀ dé etídò gbẹ̀yìn. Láti òkè ló ti máa ń da bàsíà rẹ̀. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ibẹ̀, ìfèfé ló kún etí omi, ọmọ igi ọ̀pọ̀tọ́ wà káàkiri, òṣíbàtà sì máa ń la òdòdó funfun sójú ọ̀gọ̀dọ̀ láàárọ̀. Ariwo ọ̀pọ̀lọ́ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ rédíò. Ó wá dúró báyìí, ó rí i pé gbogbo ibẹ̀ ti di ewé kan ṣoṣo, títí lọ dé ibi tí ojú rẹ̀ lè rí i dé, bí aṣọ ìbora tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò rántí ìgbà tí ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ká ewé náà sókè díẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn ìfèfé ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n ti tẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ara wọn.

"Àjòjì ni ìtàkùn yìí," ó ní. "Ibi tó ti wá, kòkòrò wà tó ń jẹ ẹ́, òtútù wà tó ń pa á. Níbí, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, gbogbo oòrùn ló ń gbà mọ́ àwọn onílẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ gbìn ín síbí?"

"Rárá o. Mo kàn ń da èyí tí mo bá gé síbí ni."

Ọ̀gá Ewéko wò ó bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo ẹni tó mu oògùn ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Gbogbo oríkèé tó wà lára rẹ̀ ló lè ta gbòǹgbò," ó ní. "Ẹ̀yin rò pé ẹ̀ ń gé e. Ẹ̀ ń bí i lọ́mọ ni."

Ó wá ṣàlàyé ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Kí wọ́n má gé e mọ́, kí wọ́n hú u. Gbòǹgbò rẹ̀ dà bí iṣu, ó wà nísàlẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù. Tí wọ́n bá hú u tán, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá dúdú nínú oòrùn títí á fi gbẹ débi tí á máa dún kóró-kóró. Òun máa padà wá wò ó lẹ́yìn oṣù kan.

"Àna mi ńkọ́?" onígbàjámọ̀ béèrè.

"Ẹ má tẹ́ ìyẹn sórí ọ̀rá," Ọ̀gá Ewéko ní, ó sì ń kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Nígbà tí onígbàjámọ̀ sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ìyàwó ò rí ohun tó le níbẹ̀.

"Ẹ pe Màmá," ó ní. "Ẹ sọ òótọ́ fún wọn."

"Kí n pè wọ́n kí n ní kí ni? Wọ́n gbé ọkọ wọn fún mi, mo gba túbọ̀mu rẹ̀. Wọ́n gbé òdòdó fún mi, mo tún pa òdòdó. Kí ló kù tí wọ́n máa tún gbé fún mi láyé yìí?"

"Wọ́n gbé èmi náà fún yín, mi ò tíì kú."

Onígbàjámọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun máa hú u, àmọ́ Màmá ò gbọdọ̀ mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi hú u. Òun ń gbẹ́lẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ń kó o sórí ọ̀rá. Adájọ́ gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tirẹ̀, ó ń dá ẹjọ́ gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde: "Ẹ̀wọ̀n gbére. Kò sí owó ìtanràn. Èyí tó kàn." Gbòǹgbò abẹ́ fèrèsé ló le jù. Odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi wà á. Nígbà tó jáde, ó tó orí ọmọ ọdún méjì, ó sì ní irun wúruwùru lára. Onígbàjámọ̀ gbé e dání, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, kò mọ̀gbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀gbẹ́ tóun máa ti là á.

"Ẹ gbé e sílẹ̀," ìyàwó rẹ̀ ní.

Ògiri wá mọ́, fèrèsé rí ìmọ́lẹ̀, pátákó sì padà sọ ohun tó fẹ́ sọ. Sátidé Màmá wá ku ọjọ́ mẹ́rin. Ibí yìí ni onígbàjámọ̀ ti ṣe ohun tí ìyàwó rẹ̀ ní òun ò ní gbàgbé.

Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ilé, ó ra ìtàkùn oníke méjìlá. Ewé rẹ̀ jọ ewé dáadáa, téèyàn bá dúró lókèèrè tó sì dijú díẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òdòdó pupa ló wà lára rẹ̀, àlùkò sì ni ti Màmá. Onígbàjámọ̀ ronú, ó wọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ ń kó oògùn sí, ó rí ìgò oògùn ojú egbò aláwọ̀ àlùkò. Ọjọ́ méjì ló fi ń kun òdòdó lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín iṣẹ́. Àwọ̀ náà ò ṣeé fọ̀ kúrò lọ́wọ́. Oníbàárà mẹ́rin ló kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ yẹn pẹ̀lú etí àlùkò, ọ̀kan nínú wọn sì lọ sí ọsibítù, níbi tí ìyàwó onígbàjámọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, tó rí i pé kò sí egbò kankan.

Ó délé, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí àkàbà, ó ń fi wáyà so òdòdó mọ́ ògiri.

"Ta ló farapa nínú ilé yìí?" ó béèrè.

"Òdòdó ni."

Nọ́ọ̀sì wo ògiri, ó wo ìka rẹ̀, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní irọ́ tó bá rin ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ fi ń bá a. Ti onígbàjámọ̀ ò dé ogún ọdún. Wákàtí mẹ́rìndínlógún ló lò.

Ọ̀sán ni Màmá máa ń dé. Lọ́jọ́ náà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Onígbàjámọ̀ ń fọ orí Adájọ́ lọ́wọ́. Ó gbọ́ ohùn Màmá níta, ó sáré jáde pẹ̀lú kóòmù lẹ́nu.

Màmá ti wà níwájú ògiri, ọwọ́ níbàdí.

"Ó tún wá pọ̀ sí i," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ó ń gbìyànjú, Màmá. Ẹ jẹ́ ká wọlé, oòrùn ti ń mú."

Màmá ò wọlé. Ó sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò pa ewé kan, ewé náà dún fín-ín.

"Ó ti gbó díẹ̀ ni," onígbàjámọ̀ ní.

Màmá gbóòórùn òdòdó. "Ó ń rùn bí ọsibítù."

"Òjò ni."

"Òjò wo?"

Onígbàjámọ̀ ò rí òjò kankan tó lè tọ́ka sí. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó ń wá ibi tí ìtàkùn ti jáde nínú ilẹ̀. Kò jáde níbì kankan. Ó dúró lójú afẹ́fẹ́, ìka mẹ́rin sókè ilẹ̀, ìwé pélébé kan sì so mọ́ ẹnu rẹ̀. Màmá fa gíláàsì rẹ̀ wálẹ̀ láti orí, ó kà á jáde, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.

"Má. Fi. Sítòsí. Iná."

Ó bá di ìtàkùn náà mú, ó fà á. Wáyà kan ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Méjèèjìlá ló wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì jẹ́ pé àkókò yẹn gan-an ni Adájọ́ yọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, láti wá béèrè ẹni tó máa ṣan ọṣẹ kúrò lórí òun. Ó pòórá sínú ewé. Ohùn rẹ̀ nìkan ló kù.

"Mo ta kò ó," ó ní.

Ìyàwó onígbàjámọ̀ ti jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Adájọ́ lápá kan lápá kan. Onígbàjámọ̀ mọ̀ pé eré ti parí. Ó yọ kóòmù kúrò lẹ́nu.

"Màmá, ẹ dárí jì mí," ó ní. "Mo ti hú u."

Màmá yíjú sí i. "O hú u?"

"Mo hú u, Màmá."

"Tigbòǹgbò-tigbòǹgbò?"

"Tigbòǹgbò-tigbòǹgbò."

"Ó wá kú?"

"Ó kú. Mo tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá, ó gbẹ, ó ń dún kóró-kóró."

Màmá wọ ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tú gèlè rẹ̀, ó fi ń fẹ́ ojú. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Onígbàjámọ̀ rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Látọdún mọ́kànlá, kò tíì rí eyín Màmá rí. Ó yà á lẹ́nu pé wọ́n pé.

Nígbà tí Màmá rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ṣàlàyé. Ọdún mẹ́sàn-án ni ìtàkùn yẹn ti wà nílé tirẹ̀. Ẹnìkan ló fi ta á lọ́rẹ, ó sì ti gba ẹ̀yìn ilé mọ́ wọn lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn kíṣìnì ò ṣeé ṣí mọ́, ojú fèrèsé ni bàbá ń gbà jáde, bàbá sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó gé e, ó hù. Ó da iyọ̀ sí i, ó hù. Ó sun ún, ó hù, ilé adìyẹ nìkan ló jóná.

"Ni mo bá rántí rẹ," Màmá ní, ó nu ojú. "Túbọ̀mu ọgbọ̀n ọdún. Èmi ti bẹ ọkọ mi títí kó fá a, ó ń gún mi. Ó kọ̀. Ìwọ dé, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ti wà nílẹ̀. Mo ní ọwọ́ tó pa ìyẹn, kò sóhun tí wọ́n máa gbé fún un tí kò ní pa. Kí n gbé díẹ̀ fún un, kí n máa wá wo bó ṣe máa pa á, kí èmi náà lè kọ́ ọ."

Onígbàjámọ̀ jókòó sórí àga tó ń yí. Àga náà yí i lọ díẹ̀, ó kọjú sí dígí, ó wo ara rẹ̀.

"Gbogbo oṣù ni mo ń wá," Màmá ń bá a lọ. "Gbogbo oṣù lo ń bomi rin ín. O ra agboòrùn fún un."

"Agboòrùn mi ni," ọmọ rẹ̀ ní. "Màmá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa pé ẹ fẹ́ kó kú?"

"Mo ti sọ pé òdòdó ni. Ẹnu àgbà kì í padà bẹ́ẹ̀."

Adájọ́, tí ewé oníke kan ṣì so mọ́ etí rẹ̀, ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé olùpẹ̀jọ́ àti ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, ohun kan náà ni wọ́n ń fẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo wọn lọ sílé Màmá pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti ọ̀rá dúdú. Ọ̀gá Ewéko náà wá, nítorí ó ní òun ti fẹ́ rí irú ilé bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ó gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn kíṣìnì ṣí, bàbá gba ibẹ̀ jáde, ó gba ibẹ̀ wọlé, ó tún gba ibẹ̀ jáde. Ó ti hu túbọ̀mu tuntun. Onígbàjámọ̀ kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sápò.

Ọ̀gá Ewéko wá sọ fún wọn pé iṣẹ́ etídò tó wà lẹ́yìnkùlé onígbàjámọ̀ ò tíì tán. Ilẹ̀ tó bá ṣófo, àjòjì mìíràn ló ń pè. Àfi kí wọ́n dá àwọn onílẹ̀ padà sí ibi tí wọ́n ti lé wọn. Ó kó ìdì ìfèfé wá láti òkè odò, ó kó ọmọ igi ọ̀pọ̀tọ́ wá nínú àpò, ó sì gbé òṣíbàtà wá nínú báàkẹ́ẹ̀tì omi. Onígbàjámọ̀ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń gbìn ín. Ó gbìn ín ní ìlà gbọọrọ bí ẹni tó ń la irun, títí Ọ̀gá Ewéko fi ní etídò ò nílò ìlà.

Màmá ni wọn ò rò tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án tí ìtàkùn fi ń nà án, ó ti di gbèsè sí i nínú, ó sì wá fẹ́ gbẹ̀san. Dípò ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, gbogbo Sátidé ló ń wá báyìí, ó wọ bàtà rọ́bà tirẹ̀, kò sì sóhun tó bá yọrí tí kò ní hú. Ó hú ìtàkùn tó ṣẹ́ kù. Ó hú koríko. Ó hú ọ̀pọ̀tọ́ méje tí Ọ̀gá Ewéko gbìn lánàá, ó tẹ́ wọn sórí ọ̀rá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," Ọ̀gá Ewéko ní, "àwọn onílẹ̀ lẹ̀ ń hú yẹn."

"Kí ló dé tí wọn ò sọ?"

Wọ́n fà á títí, wọ́n gbé e dé iwájú Adájọ́. Inú Adájọ́ dùn. Ó lọ wọ bàtà tó dáa kó tó jókòó. Ó dájọ́ pé kí wọ́n fún Ọ̀gá Ewéko ní aṣọ pupa kan tó lè ya ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Ohunkóhun tí Ọ̀gá Ewéko bá so aṣọ pupa mọ́, Màmá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Màmá gbà. Láti ọjọ́ yẹn, etídò kún fún aṣọ pupa, Màmá sì ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan tìfura-tìfura bó ti ń kọjá. Lọ́jọ́ kan tí onígbàjámọ̀ dúró pẹ́ síbì kan, tó ń na ẹ̀yìn, Màmá wá bá a láìsọ̀rọ̀, ó so ọ̀kan mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́.

Onígbàjámọ̀ ò tú u. Ó fi gé irun fún ọ̀sẹ̀ kan.

Òjò kan kọjá, òmíràn dé. Ìfèfé ga. Òṣíbàtà mẹ́ta là. Ọ̀pọ̀lọ́ kan kọ́kọ́ dún, ó dákẹ́, bí ẹni tó wọ yàrá tó rò pé kò séèyàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, èkejì dá a lóhùn.

Láàárọ̀ Sátidé kan, onígbàjámọ̀ ń lọ níwájú pẹ̀lú ṣọ́bìrì, Màmá ń bọ̀ lẹ́yìn. Màmá gbá a lápá mú lójijì.

"Jókòó. Má mira."

Ó jókòó síbi tó bá. Lórí ìfèfé kan tó dojú kọ wọn, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ búlúù kan ti bà, ẹnu rẹ̀ gùn bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ìfèfé tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ń mì, ẹyẹ náà ń mì pẹ̀lú rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ omi. Màmá ò mí. Onígbàjámọ̀ náà ò mí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti rí irú ẹyẹ yẹn gbẹ̀yìn níbẹ̀, kò sì mọ̀ pé àárò rẹ̀ ń sọ òun.

Ohun tó bà á jẹ́ díẹ̀ ni pé orí ilé tanpẹ́pẹ́ ló jókòó sí. Àkọ́kọ́ gba ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọlé, ó sì pe àwọn yòókù.

"Màmá," ó sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n.

"Panu mọ́."

"Tanpẹ́pẹ́ ni."

"Onílẹ̀ ni wọ́n," Màmá ní, kò yíjú. "Fi wọ́n sílẹ̀."

Onígbàjámọ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Ó di eyín, ó di ṣọ́bìrì, ó la ojú sílẹ̀. Ẹyẹ náà bẹ́ sómi, ó gbé ẹja kékeré kan, ó padà sórí ìfèfé, ó gbọn ara. Gbogbo rẹ̀ pátá ni onígbàjámọ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ti kún ojú rẹ̀.